Mo fi ọdún mẹ́ta ṣọ akọ tòlótòló kan

Ewúrẹ́ ni mo lọ rà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ ní Atlanta, wọ́n sì ní kí n wakọ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá aláwọ̀ funfun kan tí wọ́n ń sin ewúrẹ́ nítòsí Oconee, igbó ìjọba tó wà láàárín ìpínlẹ̀ Georgia. A ṣì ń ná ọjà lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan kan ké láti orí òkè tó wà lẹ́yìn ọgbà ewúrẹ́, igbe kan tó ń já lu ara rẹ̀, tó mú kí àyà mi là gàrà. Mo ní, "Bàbá, ẹ tún ń sin tòlótòló ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe tàwọn, igbó ló ni ín. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń ké lórí òkè yẹn. Ọmọ àwọn ti yìnbọn sí i lẹ́ẹ̀kan, ọta ò bà á, láti ìgbà náà kò sì sí ẹni tó tún rí i nítòsí.

Tòlótòló tí èmi mọ̀ nílé ni èyí tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀ de Kérésìmesì, tí àwọn ọmọdé á máa pè tí òun náà á máa dá wọn lóhùn, tó sanra débi pé ògiri ẹ̀yìnkùlé ò ṣeé fò fún un. Mexico ni wọ́n ti sọ ọ́ di ẹran ilé. Lẹ́yìn ọdún 1500 ni àwọn ará Sípéènì gbé e sọdá òkun, kó tó wá dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó wà nínú igbó Georgia, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni, àmọ́ ìwà wọn ò jọra. Orí igi ló ń sùn. Ó ń fò. Ó ń sáré ju ènìyàn lọ. Ojú rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, nítorí náà bó bá kàn yí ọrùn díẹ̀, kò sí ibi tí kò rí, ó sì mọ àwọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Imú nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ máa ń sọ pé bí tòlótòló bá ń gbóòórùn ni, kò sẹ́ni tí ì bá rí ọ̀kan pa.

Ọdẹ ni bàbá mi ní Òkè Ògùn. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń gbé àpò tẹ̀lé wọn, nígbà tí ìbọn ṣakabùlà ṣì wà lọ́wọ́ wọn, tí àparò àti òkété ń wọnú àpò náà. Nítorí náà mo rò pé mo mọ iṣẹ́ yìí. Mo ṣe ẹ̀kọ́ ọdẹ tí òfin Georgia ní kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí láti ọdún 1961 ṣe, mo gba ìwé àṣẹ, mo sì gba ti ẹran ńlá mọ́ ọn, torí pé ẹran ńlá ni òfin ka tòlótòló igbó sí, pẹ̀lú àgbọ̀nrín àti béárì. Bàbá olóko gbà kí n máa wá. Àdéhùn kan ṣoṣo ni wọ́n bá mi ṣe: akọ kan péré ni mo lè mú lórí ilẹ̀ àwọn. Mo sọ ẹyẹ náà ní Baálẹ̀, nítorí kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí òkè yẹn tí kò mọ̀ sí.

Àdéhùn yẹn ò bí mi nínú rárá. Ní ọdún 1973, nǹkan bí 17,000 tòlótòló igbó ló kù ní gbogbo Georgia. Wọ́n ti pa á, wọ́n sì ti gé igbó tó ń gbé. Àwọn tó fẹ́ dá a padà kọ́kọ́ ń tú èyí tí wọ́n sìn nínú ọgbà sílẹ̀, àmọ́ ìwọ̀nyẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú igbó, kíkú ni wọ́n ń kú. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀n ńlá tí ẹ̀tù ìbọn ń jù mú ojúlówó ẹyẹ igbó, tí wọ́n ń kó wọn lọ tú sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti tán, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Lẹ́nu ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ tó ń yè tún ti dín kù. Lọ́dún 2022 ìpínlẹ̀ náà jẹ́ kí sáà ọdẹ tòlótòló máa pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn akọ àgbà lè ráyè gun abo kí ọdẹ tó wọ igbó, wọ́n sì dín iye tí ẹnì kan lè pa lọ́dún kù láti mẹ́ta sí méjì. Ẹni tó bá ń lé àgbà akọ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó fẹ́ mú kúrò nínú igbó.

Nígbà ìrúwé àkọ́kọ́, ẹnu mi ló kó bá mi. Mo ra àpótí ìpè onígi, èyí tí wọ́n ń fi ìdérí ha létí kó lè dún bí abo. Mo ra síléètì àti ọ̀pá tí wọ́n ń fi ha á lójú, kí òun náà lè dún bí abo. Nọ́ọ̀sì alẹ́ ni mí, inú mọ́tò ni mo ti ń dánra wò tí wọ́n bá fún wa ní ìsinmi díẹ̀. Lówùúrọ̀ tí sáà ṣí, mo ti dé abẹ́ òkè kí ilẹ̀ tó mọ́. Òwìwí ké, Baálẹ̀ dá a lóhùn láti orí páìnì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí, bí ohun kan bá ṣàdédé dún, wọn kì í lè pa ẹnu mọ́. Mo fa àpótí, ó dáhùn. Mo tún fà á, ó tún dáhùn. Mo ka ogójì ìgbà tó dá mi lóhùn. Inú mi ń dùn, mo ti ń ro ọbẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ tán, ó fò sílẹ̀ sí òdìkejì òkè, mi ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ títí ọ̀sán.

Òwúrọ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe àṣìṣe yìí kan náà kí ó tó yé mi. Nínú ayé tòlótòló, akọ ló ń ké, abo ló ń dìde lọ bá a. Ohun tí ọdẹ ń bẹ akọ pé kó ṣe lòdì sí ìṣe wọn: kí ọkọ fi ibi tó dúró sí sílẹ̀, kó máa wá ìyàwó kiri. Akọ tó ṣì wà lórí igi, tó ń gbọ́ ohùn abo nísàlẹ̀, kí ló fẹ́ sáré sọ̀kalẹ̀ wá wá? Á jókòó jẹ́ẹ́, á máa ké kí abo náà lè mọ ọ̀nà. Bí mo ṣe ń pè é tó ni mò ń sọ fún un pé kó dúró dè mí. Bẹ́ẹ̀, àwọn abo gidi wà lórí igi kejì, wọ́n ń gbọ́ mi, wọ́n sì kó ọkọ wọn lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì mo gbé ère abo oníròòbà kan kalẹ̀ sí pápá. Baálẹ̀ jáde láti etí igbó, ó rí i, ó na ọrùn sókè gọn-ọn, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "pọ̀!", ó sì ti wọgbó padà. Akọ ọlọ́dún méjì ì bá ti sáré bá ère náà. Ó dá mi lójú pé níwájú irú ère bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn sí i rí. Mo kó ère sẹ́yìn mọ́tò, kò sì tún bá mi wọ igbó bàbá olóko mọ́.

Ní ọdún kejì mo rò pé mo ti gbọ́n. Mo dín ìpè kù. Mo ń dúró kó fò sílẹ̀ kí n tó fọhùn. Ní ọjọ́ kẹta, ó ń bọ̀ tààrà lóòótọ́, ó fẹ ìrù bí abẹ̀bẹ̀, ìyẹ́ apá rẹ̀ ń ha ilẹ̀, orí rẹ̀ funfun bí òwú. Ó dé bí àádọ́rin ìṣísẹ̀ sí mi, ó dúró. Ó yan lọ, ó yan bọ̀, fún ogójì ìṣẹ́jú. Kò súnmọ́, kò jìnnà. Láti ibi tó dúró sí, ó ń rí gbogbo abẹ́ igi tí ohùn abo ti ń jáde, kò sì rí abo kankan. Ẹni tó bá ti pẹ́ láyé, tó ń gbọ́ ohùn láìrí ẹni, ṣé á máa bọ̀?

Ẹ̀kọ́ yìí ló ṣe mí láǹfààní jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ́. Ibi tí ọdẹ jókòó sí ṣe pàtàkì ju ìpè tó mọ̀ lọ. Mi ò jókòó sí gbangba mọ́. Ibi tí ọ̀nà ti yí kọ́rọ́, tàbí ẹ̀yìn gegele, ni mò ń wá báyìí, kó fi jẹ́ pé ìgbà tí ẹyẹ náà bá tó lè rí ibi tí ohùn ti wá, ó ti wọ ogójì yáàdì, ó ti bọ́ sábẹ́ ìbọn. Kó jẹ́ pé ìfẹ́ láti rí ló fà á dé ibẹ̀.

Èmi ni mi ò ní sùúrù láti dúró de ogójì yáàdì yẹn. Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún kejì náà, ó tún dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mo sì yìnbọn. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìgbà náà: àádọ́ta yáàdì ó lé márùn-ún. Ọta ìbọn wa wẹ́wẹ́ ni, bó bá ti jìnnà ni ó ń fọ́n ká. Ó fò lọ. Mo wá inú igbó yẹn fún wákàtí méjì, ewé kọ̀ọ̀kan ni mò ń yẹ̀ wò bóyá mo máa rí ẹ̀jẹ̀. Ìyẹ́ méjì péré ni mo rí. Mi ò lè jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà. Àwa tí bàbá wa kọ́ pé ẹran tí a fi ọgbẹ́ lé lọ sínú igbó, gbèsè ni lọ́rùn ọdẹ. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sílẹ̀ lórí gbòǹgbò igi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún kejì yẹn tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ronú àtilọ fi sọ́kàn. Mo lọ sínú igbó ìjọba lọ́jọ́ kan, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè dọdẹ. Mo fẹ̀yìn ti igi óòkù kan tó fẹ̀ ju èjìká mi lọ, mo ń fi síléètì pe abo. Mo wá rí i tí ewé ń mì lápá ọ̀tún. Fìlà ni mo rí. Ọkùnrin kan ń rákò bọ̀ síbi ohùn mi, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá gbé ọwọ́ sókè láti juwọ́ sí i, ìmì yẹn gan-an ni ojú rẹ̀ ń wá. Mi ò mira. Mo fi gbogbo ohùn mi pariwo pé ènìyàn ló wà níbí. Ó dìde, ara rẹ̀ ń gbọ̀n ju tèmi lọ, ó bẹ̀ mí títí. A jọ jókòó fún ìgbà díẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Orí akọ tòlótòló máa ń pupa, ó máa ń funfun, ó máa ń ní àwọ̀ búlúù. Ọdẹ kì í wọ àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wọ igbó nígbà ìrúwé, ìnujú funfun ò gbọdọ̀ yọ lápò. A kì í sì rákò lọ bá ohùn tòlótòló, nítorí a ò mọ ẹni tó ń fọhùn. Igi ńlá tí mo fẹ̀yìn tì ló ń dáàbò bo ẹ̀yìn mi. Láti ọjọ́ yẹn mi ò jókòó síbi tí kò bá sí irú rẹ̀.

Iṣẹ́ alẹ́ mi ló wá fi àṣírí Baálẹ̀ hàn mí ní ọdún kẹta. Ó máa ń dùn mí tẹ́lẹ̀ pé ìgbà tí àwọn ọdẹ yòókù ti wà lábẹ́ igi ní ìdájí, èmi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ kan, ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi pẹ́, aago mẹ́sàn-án kọjá kí n tó dé oko. Gbogbo mọ́tò tó wà lójú ọ̀nà ló pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nítorí ìyẹ̀fun òdòdó páìnì, èyí tí gbogbo ará Atlanta mọ̀. Inú igbó dákẹ́. Mo rọra ń gun òkè lọ, mo sì gbọ́ ọ, ó ń ké ní òun nìkan, lórí ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn agégi ń gbà. Mi ò pè é. Mo jókòó, mo ń gbọ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé abo máa ń yé ẹyin kan lóòjọ́ tàbí kó fo ọjọ́ kan, títí yóò fi pé bíi mẹ́wàá tàbí méjìlá, lẹ́yìn náà á sàba fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Bí oòrùn bá ti ga díẹ̀ lówùúrọ̀, àwọn abo á yọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ, wọ́n á lọ sídìí ìtẹ́. Akọ tí kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nídàájí á wá dá wà láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá. Àkókò yẹn ni àwọn ọdẹ ti lọ jẹun.

Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì lọ síbẹ̀ láìgbé ìbọn. Mo ń wo ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe ń wò ó. Lórí yanrìn ọ̀nà agégi, mo rí ilà tín-ín-rín méjì tó sá tẹ̀lé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa ẹsẹ̀. Ìyẹ́ apá tó ń ha ilẹ̀ nígbà tó ń yan ló ya á. Mo rí ìgbẹ́ rẹ̀, tó gùn tó sì tẹ̀ lórí bí ìwọ̀ ẹja. Ti abo máa ń ká jọ ni. Mo rí ibi tó ti ń wẹ eruku. Gbogbo rẹ̀ wà ní ibì kan, níbi tí ọ̀nà ti yí kọ́rọ́ tó sì gun gegele. Ibẹ̀ ni Baálẹ̀ fẹ́ máa wà. Ọdún méjì ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá síbi tí mo wà, nígbà tí ibi tó ń lọ lójoojúmọ́ wà níwájú mi.

Mo sọ fún bàbá olóko. Wọ́n wọlé, wọ́n sì mú egungun kan jáde tó ti pọ́n bí eyín arúgbó. Egungun apá tòlótòló mẹ́ta ni, tí wọ́n ki ẹnu ọ̀kan bọ ọ̀kan; bàbá tiwọn ló ṣe é. Wọn kì í fọn ọ́n, ńṣe ni wọ́n ń fi ètè fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀. Wọ́n ní, "Gbogbo ọdẹ ló ń lo àpótí. Ó ti gbọ́ àpótí tó." Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin kí ohùn tó jáde lẹ́nu mi dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo dé. Mo gba ẹ̀yìn òkè, mi ò rìn bí ènìyàn tó ń lọ síbi iṣẹ́. Bàbá mi kọ́ mi láti tẹ ewé gbígbẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí n dúró, kí n tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹran tó ń jẹ̀. Mo fẹ̀yìn ti igi kan ní ìsàlẹ̀ gegele náà, mo gbé ìbọn lé orúnkún, mo fi aṣọ bo ojú àti ọwọ́. Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, mo fa egungun lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́. Mo fi ọwọ́ wú ewé nílẹ̀ díẹ̀, bí abo tó ń wá kòkòrò. Mo gbé egungun sápò.

Kò sí ìdáhùn. Eégbọn kan ń gun ọrùn mi, mo jẹ́ kó máa lọ. Ẹ̀fọn wà létí mi. Ní ọdún àkọ́kọ́ ǹ bá ti tún pè é lẹ́ẹ̀mẹwàá. Àádọ́ta ìṣẹ́jú kọjá. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ nǹkan kan tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ohùn, ó jọ ìlù tí wọ́n ń lù ní abúlé kejì, àyà ni mo fi mọ̀ ọ́n kí etí tó gbọ́ ọ. Ohun tí akọ ń ṣe nínú àyà rẹ̀ nìyẹn nígbà tó bá ń yan. Baálẹ̀ ti wà lẹ́yìn gegele, kò ké rárá. Akọ tó ti dàgbà máa ń wá ní ìdákẹ́jẹ́, ẹni tó bá dìde torí pé kò gbọ́ nǹkan kan, ó ti lé e lọ.

Orí rẹ̀ yọ. Mi ò mí. Ó tún gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó gba ẹ̀yìn igi óòkù kan, ìgbà tí igi náà bo ojú rẹ̀ ni mo sún ìbọn. Ó jáde lódìkejì, ó na ọrùn. Ìṣísẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n.

Mo dúró tì í títí ìyẹ́ rẹ̀ fi dákẹ́. Inú mi dùn, ojú mi sì kún fún omi, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gàn ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ní ínǹṣì kan àti ìdá mẹ́rin, ó tẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ mú. Ọ̀gàn akọ ọdún kan kì í tó ìdajì ínǹṣì. Èyí tó bá ti kọjá ínǹṣì kan, ó sábà máa ń ti pé ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí n tó gbé e kúrò níbẹ̀ mo ti fi fóònù ròyìn rẹ̀ fún ìpínlẹ̀, torí wákàtí mẹ́rìnlélógún ni òfin fún ọdẹ.

Bàbá olóko fi àtàǹpàkò fọwọ́ kan ọ̀gàn náà, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Mo fún wọn ní ìdajì àyà rẹ̀. Itan àti ẹsẹ̀ yi. Wákàtí mẹ́ta ni ìyàwó mi fi sè é kó tó rọ̀, a fi ata àti iyọ̀ sí i, a sì fi jẹ iyán pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ tí a torí rẹ̀ ra ewúrẹ́, tó ti ń sáré kiri ilé báyìí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo pe bàbá mi lórí fóònù, a ń rí ojú ara wa. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọn ò béèrè bó ṣe tóbi tó. Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó lo pè é?"

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta, Bàbá."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní kí n gbé ẹsẹ̀ náà súnmọ́ fóònù, kí àwọn lè rí ọ̀gàn rẹ̀ dáadáa.